Ẹni Méjì Lówó Ẹnì Kan: Èmi àti Ìyá Ráṣídì Létíkun Àwọn Lárúbáwá

Ẹ̀yin ará Dópẹ̀mú àti Agége tí ẹ máa ń dá mi dúró lójú títì, tí ẹ ó ní, "Bàbá Ráṣídì, báwo lọ̀hún ṣe rí gan-an?", ó ti rẹ̀ mí láti máa fẹnu sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta, wọ́n á lọ tún un sọ fún ẹni mẹ́wàá, ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa padà sétí mi, mo ti bá ọba wọn jẹun nínú àwo kan náà. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ilé-ìwé mọ́dà ni mo ti dúró. Ṣùgbọ́n ojú tí mo fi rí ohun tí mo rí kò lọ mọ́dà, ó ríran dáadáa.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ abọ́ tánganran ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Èmi ni mò ń gbé abọ́ wọ inú iná, èmi náà ni mò ń gbé e jáde. Èyí tí tánganran ara rẹ̀ bá ṣí, tàbí tí àbàwọ́n bá wà nídìí rẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń tà á fún ní ẹ̀dínwó. Ìyá Ráṣídì, ìyàwó mi, á wá tò ó sílẹ̀ ní Dópẹ̀mú. Kò tan oníbàárà jẹ rí. Á ní, "Ẹ yí i wò nídìí o, kẹ́ ẹ má lọ sọ lọ́la pé mo rẹ́ yín jẹ. Ó dínwó torí pé nǹkan ń ṣe é."

Èmi tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ ayé mi, èmi ni mo wá lọ ra ohun tó dínwó láì yí i wò.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Ráṣídì ń fẹ́, Mẹ́kà ni. Láti ìgbà tí Ráṣídì ti ń rá ni ó ti ń dá èésú nítorí rẹ̀. Ìyá tó bí i, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ohun tí òun náà ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí òun fi ẹnu ara òun pe ọmọ òun ní Àlhájà kí òun tó kú. Ṣùgbọ́n ìjọba gbé ètò Sáàpù dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Bí owó wa bá fi ẹsẹ̀ kan súnmọ́ Mẹ́kà, Mẹ́kà á fò sẹ́yìn bí ọ̀pọ̀lọ́. Owó ń jẹrà ní báńkì bí ẹja tí kò rí yìnyín. Nígbà tó yá, àwọn nǹkan tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun fún iṣẹ́ tánganran kò wọlé mọ́. Wọ́n pa iná ilé-iṣẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sinmi nílé títí àwọn yóò fi ránṣẹ́ pè wá. Ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Ta lẹ fẹ́ bi léèrè?

Ọjọ́ tí wọ́n lé wa lọ ilé yẹn ni mo rí àwòrán kan lára ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ìrìn-àjò: òkun tó dúdú bí aró, agboòrùn ńlá, tọkọtaya òyìnbó tí eyín wọn funfun ju abọ́ wa lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni méjì lówó ẹnì kan. Mo wọlé. Ajẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ fún táì mọ́ ọrùn bí àgbò tí wọ́n fẹ́ fà lọ ọjà. Ó ní Tùnísíà ni, etíkun pátápátá, òtẹ́ẹ̀lì ńlá, oúnjẹ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Òyìnbó ni wọ́n níbẹ̀?"

Ó ní, "Bàbá, Lárúbáwá ni. Mùsùlùmí pọ́nbélé."

Ibẹ̀ ni tàkúté ti mú mi lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, Ìyá Ráṣídì ń nu abọ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n kó owó Mẹ́kà lọ wẹ odò."

"Owó Mẹ́kà tó ń kú lọ yìí? Tó bá fi máa dọdún tó ń bọ̀, kò ní gbé ọ dé Ìbàdàn. Ilẹ̀ Lárúbáwá ni mo wí! Èdè Kùránì ni wọ́n fi ń ná tòmátì."

Ó nu abọ́ náà lọ, ó nu ún bọ̀. "Ṣé wọ́n ń pe ìrun níbẹ̀?"

"Tí àwọn ò bá pè é, ta ló máa pè é?"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kí ìrun kan péré nínú mọ́ṣáláṣí wọn. Nínú rẹ̀ o, Bàbá Ráṣídì. Kí n rí nǹkan gbé bọ̀ fún Ìyá. Ìyókù, kí ẹ máa wẹ odò yín."

A sọ fún Ìyá Àgbà pé kì í ṣe Mẹ́kà o, ibòmíràn ni. Ó mi orí. Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹni tó ti Èkó lọ tó bá ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìlọrin?" Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó gbàdúrà sí i títí itọ́ fi sọ ọ́ di tútù. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn kò tilẹ̀ gbọ́ àlàyé kankan. Kí a tó di ẹrù tán, wọ́n ti ń pe ìyàwó mi ní Àlhájà lójú kànga.

Lókè

Ẹni tó bá mọ̀ mí níbi iṣẹ́ mọ̀ pé n kì í bẹ̀rù. Iná tó lè yọ́ irin ni mo máa ń yá. Ṣùgbọ́n iná wà lórí ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú yẹn gbé imú sókè, súrà Kúlíúwà tí mo mọ̀ láti kékeré, mo kà á, mo fò ó níbi tó dùn jù.

Ìyá Ráṣídì ní, "Ẹ tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́."

"Ìwọ ni mo dì mú kó o má bàa ṣubú."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣáà tú u sílẹ̀, kí n rí ìta."

Ìta ló ń wò! Ó lẹ imú mọ́ fèrèsé bí ọmọdé níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri béèrè ohun tí mo fẹ́ mu, mo ní n kò mu nǹkan kan. Bí mo bá mu, mo máa tọ̀. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, mo máa dìde. Bí mo bá sì dìde, ọkàn mi sọ fún mi pé ọkọ̀ náà á fì sápá ibi tí mo bá dúró sí.

Ìyá Ráṣídì ní, "Ẹ ò rí i pé gbogbo ènìyàn ń dìde?"

Mo ní, "Wọn ò sanra tó mi."

Báyìí ni mo ṣe jókòó títí a fi dé ìlú tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀, tí mo tún jókòó nínú ọkọ̀ kejì. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Tùnísíà, mi ò ráyè wo ìlú wọn. Ilé ìtọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kò sì sí ibi tó dára tó o nínú gbogbo ìrìn-àjò náà.

Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò tú àpò wa. Ó rí agolo ata gígún tí ìyàwó mi dì lọ, ó ṣí i, ó fi imú sí i. Ó sín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó dé agolo náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni tó pàdé àgbà. Mo ní nínú ara mi pé bí gbogbo wọn bá rí báyìí, ayé ti dùn.

Ìdí abọ́

Gbogbo wọn kọ́ ló rí báyìí.

Òtẹ́ẹ̀lì náà ga, ó funfun, ó sì dúró gangan létí omi bí wọ́n ṣe yà á. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí wọn kò yà sínú àwòrán ni òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ọyẹ́ mú lọ́dún tó kọjá, ẹ má sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ mi mọ́. Atẹ́gùn kan ń ti orí omi wá tó ń wá ihò etí ènìyàn kiri. Òkun tí mo rò pé ó dúdú bí aró, omi ìfọṣọ ni. Odò tí wọ́n gbẹ́ fún ìlúwẹ̀ẹ́ níwájú ilé ti gbẹ, ewé kún inú rẹ̀, àga kan sì dojú dé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn agboòrùn yẹn, wọ́n ti ká wọn, wọ́n dè wọ́n mọ́ ògiri bí ẹlẹ́wọ̀n. Àjà tó pọ̀ jù nínú ilé náà kò ní iná. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ ni wọ́n tà fún wa. Mo yí abọ́ wò nídìí wàyí, ọwọ́ mi kan ibi tó ti ṣí.

Ìyá Ráṣídì wò yí ká. Ó ní, "Bàbá Ráṣídì."

Mo ní, "Hẹ̀n."

Ó ní, "Kò sí nǹkan."

Ẹ̀yin tí ẹ níyàwó, ẹ mọ bí "kò sí nǹkan" ṣe wúwo tó.

Yàrá wa wà lókè pátápátá. Àpótí irin kan wà tó ń gbé ènìyàn gòkè, mo rí i bó ṣe pa ẹnu dé mọ́ àwọn òyìnbó, mo ní kò ní pa tèmi dé. Àtẹ̀gùn ni mò ń gbà. Ìyàwó mi á wọ inú àpótí tirẹ̀, á dé òkè, á kírun, á jókòó, kí èmi tó dé tí mò ń mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Á ní, "Ẹ káàbọ̀ láti àjò."

Ìpè ìrun? A gbọ́ ọ. Bí atẹ́gùn bá yí, a máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, fẹ́ẹ́rẹ́ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. Gbogbo ìgbà tó bá dún ni Ìyá Ráṣídì máa dìde lọ sójú fèrèsé. Mọ́ṣáláṣí kò sí nítòsí wa rárá, òtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì ni etíkun yẹn. Ó ní kí n bá òun béèrè. Obìnrin tó wà níbi tí a ti ń gba kọ́kọ́rọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì máa kó àwọn àlejò lọ sí ìlú àtijọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa padà, mọ́ṣáláṣí ńlá wà níbẹ̀.

Ìyá Ráṣídì ní ká fẹsẹ̀ rìn lọ kó tó dìgbà yẹn. Mo wo ọ̀nà náà. Ó lọ, ó lọ, kò sí ẹni tó ń rìn níbẹ̀. Mo ní, "Nílẹ̀ onílẹ̀? Tí a bá sọnù, ta ló máa wá wa?" Ó dúró de bọ́ọ̀sì.

Oúnjẹ wọn

Wọ́n tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ní kí oníkálukú máa bù fún ara rẹ̀. Ohun tí a ń sọ nílé pé òyìnbó kì í jẹun púpọ̀, irọ́ ni. Ẹ wá wo àwo.

Mo rí èso dúdú kan tó ń dán, mo rò pé àgbálùmọ̀ wọn ló kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo kó o kún ọwọ́, mo da mẹ́ta sẹ́nu. Iyọ̀! Ó dà bí omijé lẹ́nu. N kò lè tu ú nítorí ojú ènìyàn, mo gbé e mì tòun ti kóró. Ìyá Ráṣídì ní, "Sáítúnì nìyẹn. Ọlọ́run fi í búra nínú Kùránì." Mo ní bí Ọlọ́run bá fi í búra, ṣé Ó ní ká jẹ ẹ́ ni?

Ọbẹ̀ wọn kò ta, ó tutù, ó dùn bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Àfi ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé àwo rí ìyàwó mi tó ń ti inú àpò bu ata gígún. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó nírun lórí bí àgùntàn ni. Ó pòyì, ó wọ kíṣìnnì, ó gbé àwo kékeré kan jáde: ata pupa rírọ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀. Ó ní àwọn fúnra àwọn ló ń jẹ ẹ́, wọn kì í gbé e fún àlejò, òyìnbó máa ń sunkún. Ìyá Ráṣídì fi búrẹ́dì kàn án. Ó pa ojú dé. Ó ní, "Ah. Ọmọ yìí níyàá." Láti ọjọ́ náà lọ, ata náà máa ń wà lórí tábìlì wa kí a tó jókòó. Ẹni tó bá bi mí bóyá èèyàn dáadáa wà níbẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, bí mo bá mọ orúkọ rẹ̀.

Màmá òyìnbó

Òyìnbó arúgbó kan wà, òun nìkan ló dá wá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí a pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ìyá Ráṣídì kúnlẹ̀ kí i. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹni náà ju ìyá rẹ̀ lọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na aṣọ ìnura rẹ̀ tó tutù sí i. Ìyàwó mi gbà á tọwọ́tọwọ́, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé àga. Màmá náà fi owó onírin kan lé e lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi yí owó náà padà. "Bàbá Ráṣídì, kí ni màmá yìí fún mi lówó sí?"

Mo ti mọ̀. Mo ní, "Bóyá ó fẹ́ràn bó o ṣe kí i."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́." Ó so owó náà mọ́ etí ìró.

Gbogbo àárọ̀ ló ń kúnlẹ̀, gbogbo àárọ̀ ni aṣọ ìnura ń bọ̀. Títí di ọjọ́ kan tí a jókòó sí etí odò ìlúwẹ̀ẹ́ olómi gbígbóná tó wà nínú ilé. Màmá náà jáde nínú omi, ọkùnrin tí wọ́n gbà síbẹ̀ láti máa kó aṣọ ìnura dé, màmá na aṣọ sí i, ó fi irú owó onírin yẹn gan-an lé e lọ́wọ́. Ìyá Ráṣídì wò ó. Ó wo etí ìró ara rẹ̀. Ó wá wò mí.

Ó ní, "Ẹ mọ̀."

Mo ní, "Mo fura."

Mo rò pé kíkí ti parí nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá náà yọ, ìyàwó mi sì tún kúnlẹ̀. Màmá na aṣọ. Ìyá Ráṣídì kò gbà á. Ó dìde, ó gbọn ìró, ó kọjá. Nígbà tí mo bá a nídìí tábìlì oúnjẹ, ó ní, "Àgbà ni. Ohun tí mò ń ṣe, èmi mọ̀ ọ́n. Ohun tí òun ń rò, òun ló ni ín."

Mo dá oúnjẹ mi dúró.

Ẹnu ọ̀nà

Ọjọ́ bọ́ọ̀sì pé. Ìyá Ráṣídì ti wẹ̀, ó ti ṣe àlùwàlá, ó wọ léèsì funfun tí ó kó pamọ́ fún Mẹ́kà, ó wé gèlè, ó fi ìborùn funfun bò ó. Èmi náà wọ agbádá funfun. A jáde bí ẹyẹ lékeléke méjì.

Lẹ́nu bọ́ọ̀sì, wọ́n pín fìlà koríko fún gbogbo wa, ó fẹ̀, wọ́n kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sí i lára gàdàgbà. Ẹni tó ń mú wa kiri ní fìlà náà ni òun ó fi máa dá wa mọ̀ nínú ọjà kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù. Bí ó ti dárúkọ sísọnù báyìí, mo ti dé tèmi.

Ìyá Ráṣídì ní, "Lórí ìborùn?"

"Dé e o. Kí wọ́n má lọ gbàgbé wa síbẹ̀."

"Ẹ̀rù yín yìí, Bàbá Ráṣídì, ó yẹ kí ẹ ra ìjókòó fún un nínú ọkọ̀."

Ṣùgbọ́n ó dé e.

Ìlú àtijọ́ náà dára, ìyẹn ni n kò ní parọ́ mọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, ọ̀nà rẹ̀ tóóró, àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ń lu abọ́ lọ́wọ́, mo dúró wò wọ́n, a rẹ́rìn-ín síra wa láìgbọ́ èdè ara wa. Lẹ́yìn náà ni ìpè ìrun ọ̀sán, àyìlà, dún, kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, ó ń bọ́ lé wa lórí bí òjò. Ìyá Ráṣídì di apá mi mú, ó ń sáré. Obìnrin tí orúnkún ń dùn ún nílé.

Bàbá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Ó rí wa. Àbí kí n sọ pé ó rí fìlà wa. Ó na ọwọ́ sí pátákó kan tó wà lára ògiri, ó mi orí, ó fi ọwọ́ lé wa sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lé adìyẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó rò pé a wá wòran ni.

Ìyá Ráṣídì ṣí fìlà koríko náà, ó jù ú sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé kéú ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ohùn ìbílẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà dúró. Nígbà tó kà á dé ìparí, bàbá ló ṣe àmín. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń tọrọ àforíjì, ojú ń tì í gan-an. Ó ní kí n wọlé. Ó mú ìyàwó mi lọ sí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jẹ́ ti àwọn obìnrin. Ó ti ilẹ̀kùn náà, kò ṣí. Àgádágodo wà lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé fún wa: obìnrin kan ló ni kọ́kọ́rọ́, ó ń bọ̀, ẹ fara balẹ̀, ó ń bọ̀. Ó ránṣẹ́ lọ pè é.

Ìgbà yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì wa fọn fèrè ní òdìkejì gbàgede mọ́ṣáláṣí náà, pé ká máa bọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí ara mi ní ìlú náà láìní ọkọ̀, láìní èdè, tí àwọn ọlọ́pàá wọn ń bi mí ní ìwé. Mo ní, "Ìyá Ráṣídì, bọ́ọ̀sì."

"Ẹ jẹ́ ká dúró de kọ́kọ́rọ́."

"Tó bá lọ ńkọ́?"

"Kó máa lọ."

Fèrè tún dún. Mo ní, "Ìyá Ráṣídì! Ọkọ̀ máa já wa jù sílẹ̀!"

Ó wò mí. Kò bínú, ì bá sàn tó bá bínú. Ó bọ́ ìborùn òkè, ó tẹ́ ẹ sórí òkúta níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì náà, ó kírun níbẹ̀, èyí tó kúrú tí wọ́n ní kí arìnrìn-àjò máa kí. Èmi, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo ọ̀nà. N kò tilẹ̀ kírun. Nígbà tó ṣe sàlámà tán, bàbá náà fa aṣọ kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó kó èso dàbínù tó wà nínú rẹ̀ fún un. Owó tó so mọ́ etí ìró, ìyàwó mi tú u, ó fi ṣe sàráà fún afọ́jú kan tó jókòó níbẹ̀. A sáré.

A wọ bọ́ọ̀sì. Mo jókòó, mo mí. Bọ́ọ̀sì kò lọ. Màmá òyìnbó ń ná ẹní lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ń dúró dè é. A jókòó, a jókòó. Láti ojú fèrèsé ni a ti rí obìnrin kan tó yára dé, tó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, kọ́kọ́rọ́ gbọọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà. Bàbá náà jáde, ó ń wo apá ọ̀tún, ó ń wo apá òsì. Ó ń wá wa.

Ìyá Ráṣídì rí i. Èmi náà rí i. Inú mọ́ṣáláṣí náà ṣókùnkùn lẹ́yìn wọn, ó sì dà bíi pé ó tutù lára.

Mo ní, "Ṣé ká sọ̀kalẹ̀?"

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni màmá gun ọkọ̀ pẹ̀lú ẹní rẹ̀, tí dírẹ́bà sì ṣíná.

Ilé

Wọ́n pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ariwo. Àlhájà dé! Àlhájà dé! Dàbínù tí bàbá yẹn kó fún wa, ìyàwó mi kò tíì tú ẹrù tán tí wọ́n fi gbà á, tí wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi í pa ojú ọmọ. Ìyá Ráṣídì ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe Mẹ́kà o." Ta ló fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà Sáàpù?

Ìyá Àgbà nìkan ló ní kí wọ́n dákẹ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ọwọ́ kiri afẹ́fẹ́ títí ó fi rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń pe ìrun níbẹ̀?"

"Wọ́n ń pè é, Ìyá. Ó dùn."

"O kírun?"

"Mo kírun."

"Nínú?"

Ìyá Ráṣídì ní, "Ẹnu ọ̀nà."

Ìyá Àgbà ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wọlé?"

Ìyàwó mi wo ibi tí mo jókòó sí, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ni kò tètè dé, Ìyá."

"Ẹnu ọ̀nà náà dára," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọlọ́run rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kì í ṣe inú ilé." Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi fún àwọn tó ti ọ̀nà dé. Kò pè é ní Àlhájà. Kí ọdún náà tó yí po, ó kú, kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ti tún dáná, kò jó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ráṣídì ti tún ń dá èésú, Mẹ́kà sì ń sáré lọ níwájú. Àwọn oníbàárà ní Dópẹ̀mú ṣì ń pè é bí wọ́n ṣe ń pè é. Wọ́n á ní, "Àlhájà, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀."

Á rẹ́rìn-ín. Á yí abọ́ náà dojú dé, á fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti ṣí. Á ní, "Àlhájà fúnra rẹ̀ ti dínwó. Nǹkan ń ṣe é."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wà nítòsí, abọ́ ni mo máa ń tò.